Ẹni Tó Bá Ṣíwájú Ni Ìrì Ń Pa

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo sọ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì tó ń sáré ìje, àwọn òbí wọn àti àwọn olùkọ́ eré ìdárayá, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ìlọrin. Mo ti yọ ibi tí iná ti lọ tí gbogbo wa ń pariwo kúrò nínú rẹ̀, mo sì ti tún ibi tí ahọ́n mi ti ta kókó ṣe. Ìyókù wà bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àsàlámù aléékúmù. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ti wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù, tí ẹ ń wo ojú fèrèsé, tí ẹ ń bẹ Ọlọ́run pé kí bàbá yìí tètè parí, mo kí gbogbo yín. Èmi náà ti jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn rí.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa eré ìje, mo kọ́kọ́ bi ara mi léèrè bóyá eré sísá tilẹ̀ wà nínú oríkì wa. Ẹ gbọ́ ti Ìlọrin: Ìlọrin Afọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, ìlú tó tóbi tó báyìí, wọn ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ẹṣin ló ń sáré níbẹ̀ o, kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Ẹ dé Ọ̀fà, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn Ìgbómìnà, eégún eléwe wọn á tàkìtì níwájú yín, orí á kọ ilẹ̀, ẹsẹ̀ á kọ òkè. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ eré? N kò gbọ́ ọ rí. Ó jọ pé ojú tí àwọn baba wa fi ń wo ẹni tó ń sáré ni ojú òwe yẹn: ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní í lé e. Ìyá mi gan-an, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ, bó bá rí mi tí mo ń sáré bọ̀ láti ìta, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bèèrè ni pé, "Kí lo jí?"

Nítorí náà, ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọmọ Ìlọrin, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ Tàńsáníà ni. Filbert Bayi ni orúkọ rẹ̀. Èkó ni orúkọ náà ti gbéra tó fi bá mi nílé wa ní Pákátà, nínú rédíò bàbá mi.

Oṣù kìíní ọdún 1973 ni. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, gbogbo Áfíríkà sì rọ́ wá síbẹ̀ fún Eré Ìdíje Gbogbo Áfíríkà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Bọ́ọ̀lù ni àwọn ọkùnrin ilé wa ń tẹ́tí sí, Nàìjíríà ló sì gbà á. Modupe Oshikoya ni àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin tó gba góòlù mẹ́ta: fífò sókè, fífò jìnnà, àti eré ìje tí wọ́n ti ń fo igi. Èmi ń retí Kipchoge Keino, ará Kẹ́ńyà. Ta ni kò mọ Keino nígbà yẹn? Ó ti gba góòlù 1500 mítà ní Mexico lọ́dún 1968, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba góòlù mìíràn ní Jámánì láìtíì pé oṣù márùn-ún. Lójú tèmi, wọ́n kàn ń sá eré Èkó yẹn kí ó lè bófin mu ni.

Nígbà tí eré 1500 mítà parí, orúkọ tí rédíò pè kì í ṣe Keino. Ọmọdé kan, ọmọ ọdún 19, ló gba góòlù, Keino ṣe ipò kejì. Bàbá mi na ọwọ́ sí rédíò, ó fẹ́ yí i sí ibòmíràn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ orúkọ ẹ̀ dáadáa." Ó wò mí, ó ní ṣé mo fẹ́ fún un ní ọmọ fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n tó máa bá Bayi lọ, kí n sọ irú eré tí à ń sọ fún ẹ̀yin òbí, nítorí mo mọ̀ pé 100 mítà ni ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀. Eré alábọ́dé ni à ń pe 800 mítà, 1500 mítà àti máìlì kan, tí í ṣe 1609 mítà. Pápá tó pé yíyíká rẹ̀ jẹ́ 400 mítà. Ẹni tó ń sá 1500 yóò yí i ká ní ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò tún lọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹni tó ń sá 100 mítà, kó tó mọ̀ pé ó ń dun òun, ó ti dé. Ẹni tó ń sá ọlọ́nà jíjìn láyè láti ronú pìwà dà lójú ọ̀nà. Ẹni tó wà láàárín ló jẹ gbèsè méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ yára tó ẹni tí nǹkan ń lé, ó sì gbọ́dọ̀ ní èémí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà lẹ́sẹ̀. Bó bá fi máa di ìyíká kẹta, iṣan itan á máa ta bí ẹni fi ata rodo pa á, apá á wúwo, etí á máa hó. Níbẹ̀ gan-an ni eré bẹ̀rẹ̀.

Nítorí ìrora yẹn ni ọgbọ́n àrékérekè fi pọ̀ nínú eré náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá bàbá yín lọ sóko rí ní ọ̀nà Àfọ̀n tàbí ọ̀nà Ìdọ̀fíán, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ṣíwájú lójú ọ̀nà tóóró láàárọ̀ kùtùkùtù ni ìrì ń pa. Ṣòkòtò rẹ̀ á rin gbindin dé orúnkún. Ẹni tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn á dé oko ní gbígbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí pápá. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gé afẹ́fẹ́. Òun náà ló ń ronú nípa bí eré yóò ṣe yá tó. Àwọn ẹlẹ́yìn kàn ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, wọ́n ń sinmi, wọ́n ń dúró de 200 mítà tó kẹ́yìn kí wọ́n fò lé e. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣíwájú. Ẹ ti rí i ní Òlíńpíìkì níbi tí ọkùnrin méjìlá tí ẹsẹ̀ wọn yá jù láyé ti ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tí kálukú ń fọgbọ́n sọ pé, "Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀."

Bayi ní tirẹ̀ gbà kí ìrì pa òun.

Wọ́n bí i ní oṣù kẹfà ọdún 1953 ní Karatu, ní ìhà àríwá Tàńsáníà, ní òkè tó sún mọ́ Ngorongoro níbi tí àwọn ẹran ìgbẹ́ pọ̀ sí. Ó di ológun. Ní ọdún 1972, ó lọ sí Òlíńpíìkì ní Munich, ṣùgbọ́n kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Àwọn tó ń kọ ìwé ìròyìn ò tilẹ̀ bi í léèrè orúkọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ti Èkó tí mo sọ yẹn. Ọdún kan péré tún kọjá, ó di ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1974, ní Christchurch ní New Zealand, ní àṣekágbá 1500 mítà níbi Eré Commonwealth.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi sùúrù sọ ìyẹn, torí òun ni mo torí ẹ̀ wá.

Wọ́n yìnbọn. Bayi bọ́ síwájú bí ẹni tí wọ́n jù lókò. 400 mítà àkọ́kọ́ kò gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 55. Ẹ̀yin kóòṣì tó wà níbí, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ 1500, wàá bọ́ fìlà, wàá gbé e bojú. Àwọn tó wà lẹ́yìn náà rò pé òmùgọ̀ ni. Wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà tó fi máa pé 800 mítà, àlàfo tó wà láàárín wọn tó nǹkan bí 20 mítà. Ní ìyíká kẹta, àwọn ará New Zealand tó kún inú pápá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, nítorí ọmọ tiwọn, John Walker, onírun gígùn, ọmọ ọdún 22, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àlàfo náà díẹ̀díẹ̀. Ben Jipcho ará Kẹ́ńyà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n yọ sí ọ̀nà gígùn tó kẹ́yìn, Walker ń bọ̀, ń bọ̀, ń bọ̀. Kò bá a. Bayi tún ní nǹkan kan tó fi pa mọ́ sínú ẹsẹ̀. Ó fi nǹkan bí ìgbésẹ̀ kan ààbọ̀ ṣáájú rẹ̀ dé.

Ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 32.16. Jim Ryun ará Amẹ́ríkà ló ni rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé tẹ́lẹ̀, 3:33.1, láti ọdún 1967. Bayi ti fọ́ ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù nìyí: Walker tó ṣe ipò kejì sá 3:32.52. Òun náà sáré ju rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé àtijọ́ lọ, fàdákà ló gbà délé. Ta ló gbọn ìrì fún un? Ẹni tó wà níwájú ni.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pe eré yẹn ní wèrè tó bọ́ sí i. N kò gbà. Ẹni tó ń ya wèrè kì í mọ iye tó kù lápò rẹ̀. Bayi mọ̀ pé òun kò ní ìfò òjijì ìkẹyìn tó lè borí Walker bí àwọn bá jọ dé ọgọ́rùn-ún mítà tó kẹ́yìn ní ẹgbẹ́ ara wọn. Nítorí náà ó ní kí àwọn má jọ débẹ̀. Ó ná owó tirẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjà, ó sì fi agbára mú kí àwọn tó fẹ́ ná an lálẹ́ ná tiwọn pẹ̀lú. Ìṣirò ni.

Kí ẹ lè mọ bó ṣe rí, ẹ jẹ́ kí á ṣe nǹkan kan. Aago tí à ń tẹ̀ nìyí lọ́wọ́ mi. Màá tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo wa dákẹ́ títí yóò fi di 3:32. (Mo tẹ̀ ẹ́. Ní ìṣẹ́jú kan, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ní ìṣẹ́jú méjì, ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹ aago ọwọ́ rẹ̀ wò, ó mí kanlẹ̀.) Ó tó. Ẹ rí i pé ó gùn. Ní gbogbo àkókò tí ẹ fi jókòó sójú kan yẹn, mítà méje ni ọkùnrin náà ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń gun ọ̀kadà ní ojú títì Táíwò tí ẹ wo aago rẹ̀ tó wà lórí 25, bó ṣe ń lọ nìyẹn, tòun ti ẹsẹ̀ méjì.

Èmi náà gbìyànjú ẹ̀. Ní ọdún 1978, nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n mú mi fún 1500 mítà níbi íńtà-háòsì. Mo ti sọ fún gbogbo ilé aláwọ̀ ewé pé èmi ni Bayi. Wọ́n fun fèrè, mo bọ́ síwájú. Ìyíká àkọ́kọ́, ariwo ta. Ìyíká kejì, àwọn ọmọbìnrin ń pe orúkọ mi. Ìyíká kẹta, n kò gbọ́ orúkọ mi mọ́, orúkọ àwọn ẹlòmíràn ni mò ń gbọ́. Ipò kẹfà ni mo ṣe. Ènìyàn méje la jẹ́. Gémù másítà wa, tí kì í rẹ́rìn-ín, wá bá mi níbi tí mo sùn sí nínú koríko, ó ní: "Bayi mọ iye tí ẹsẹ̀ òun lè san. Ìwọ yá owó tí o ò ní." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ kóòṣì ló wù mí, nítorí mo fẹ́ kí n jẹ́ ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Bayi. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1975, ní Kingston ní Jàmáíkà, ó tún gba rẹ́kọ́ọ̀dù máìlì kan lọ́wọ́ Jim Ryun yìí kan náà. 3:51.0. Ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ló fi jù ú, ìpéńpéjú kò tíì pa dé tán. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Walker fi gbà á lọ́wọ́ òun náà: 3:49.4 ní Gothenburg, ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sá máìlì kan láìpé ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 50. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn méjì. Ọ̀kan ní rẹ́kọ́ọ̀dù 1500, èkejì ní ti máìlì. Gbogbo ayé ń ka ọjọ́ sí oṣù keje ọdún 1976, Òlíńpíìkì Montreal ní Kánádà, níbi tí wọn yóò ti tún pàdé.

Wọn kò pàdé.

Ẹ̀yin ọmọ, ìtàn tí wọn kì í sọ fún yín ní kíláàsì rèé. Nígbà yẹn, ìjọba aláwọ̀ funfun ní Gúúsù Áfíríkà ń fi ìyà jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú lórí ilẹ̀ baba wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1976 ni wọ́n yìnbọn fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Soweto, ọmọ bíi tiyín, tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n fi èdè Afrikaans kọ́ àwọn. Láàárín ìyẹn náà ni ẹgbẹ́ rọ́gíbì New Zealand, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré yẹn, lọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní bí New Zealand bá máa wà ní Montreal, àwọn ò ní sí níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ Òlíńpíìkì fèsì pé rọ́gíbì kì í ṣe eré Òlíńpíìkì, kò kan àwọn. Ọmọ Nàìjíríà kan, Abraham Ordia, ló jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ tó ń darí eré ìdárayá ní Áfíríkà nígbà náà, kò sì yẹsẹ̀. Ó lé ní ogún orílẹ̀-èdè tí kò kópa. Tàńsáníà wà nínú wọn. Nàìjíríà náà wà nínú wọn. Àwọn eléré wa ti dé Montreal kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé.

Mo rántí àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ènìyàn kì í bá ẹni tó ń bá apànìyàn ṣeré jẹun nínú àwo kan. Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún òun, ta ni wọ́n fìyà jẹ? Títí dòní, àwọn méjèèjì ni mo gbè lẹ́yìn. Ẹjọ́ tí Áfíríkà rò yẹn, ẹjọ́ òtítọ́ ni. Àmọ́ ẹsẹ̀ Bayi àti ti àwọn bíi tirẹ̀ ni wọ́n fi san owó ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ eré kì í ní ju Òlíńpíìkì méjì péré tí ara wọn fi wà ní gbígbóná. Walker gba góòlù ní Montreal, 3:39.17, eré tó falẹ̀ bí ìgbín, nítorí kò sẹ́ni tó ṣíwájú. Ìrì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ó pa òun.

Kí n má parọ́ fún yín o: ibà ń ṣe Bayi ní àkókò yẹn. Ibà tí gbogbo wa mọ̀ yìí, ti ẹ̀fọn. Bó tilẹ̀ lọ, bóyá ni ì bá fi lè ṣe nǹkan kan. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé góòlù rẹ̀ ni wọ́n gbé fún ẹlòmíràn. Walker náà ṣiṣẹ́ fún un.

Ní Commonwealth ọdún 1978 ní Edmonton, David Moorcroft ará Gẹ̀ẹ́sì fi ìṣẹ́jú àáyá 0.11 jù ú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Sebastian Coe gba rẹ́kọ́ọ̀dù 1500 lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún ààbọ̀. Kò sí rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́, kò sí Òlíńpíìkì. Ẹlòmíràn á ti gbé bàtà kọ́. Bayi padà sórí eré tó ti gbìyànjú nígbà èwe rẹ̀ ní Munich: 3000 mítà onígi àti omi. Igi 28 ni ènìyàn yóò fò nínú eré yẹn, yóò sì fò kòtò omi ní ẹ̀ẹ̀meje. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹni tó bá dá eré yẹn sílẹ̀ ní láti jẹ́ ẹni tí ajá lé gba inú ọgbà aládùúgbò.

Moscow, 1980. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn Amẹ́ríkà ló kọ̀ tí wọn ò lọ, nítorí pé Rọ́ṣíà wọ Afghanistan, Kẹ́ńyà sì bá wọn kọ̀. Tàńsáníà lọ. Kí ni Bayi ṣe nígbà tí eré àṣekágbá bẹ̀rẹ̀? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ síwájú. Ó fi wọ́n sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń wò ó yóò rò pé eré tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn. Bronisław Malinowski ará Pólàǹdì fara balẹ̀, ó ń lé e bọ̀, ní ìyíká tó kẹ́yìn, nítòsí kòtò omi ìkẹyìn, ó kọjá rẹ̀. Malinowski 8:09.70. Bayi 8:12.48. Fàdákà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Malinowski kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lórí afárá kan nílùú rẹ̀. Ọmọ ọdún 30 ni.

Fàdákà yẹn àti èyí tí Suleiman Nyambui gbà ní 5000 mítà ní Moscow yẹn kan náà, àwọn méjì yìí nìkan ni àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì tí Tàńsáníà ní títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn tó fi eré sílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé ìwé sílẹ̀, ó sì di akọ̀wé àgbà ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ní ti eré Christchurch yẹn, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, 3:26.00 tí Hicham El Guerrouj ará Mòrókò sá ní Róòmù lọ́dún 1998 ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n nínú Eré Commonwealth fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó sáré tó 3:32.16 yẹn fún ọdún 48. Ọdún 2022 ní Birmingham ni Oliver Hoare ará Ọsirélíà tó fọ́ ọ. Nínú ọdún 48 yẹn, wọ́n ti pààrọ̀ bàtà, wọ́n ti pààrọ̀ pápá, wọ́n ti pààrọ̀ oúnjẹ. Àwọn ẹni tó yá ju Bayi lọ dáadáa wá síbẹ̀, wọ́n gba góòlù lọ. Wọ́n kàn ń dúró de ara wọn ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé. Nàìjíríà kò tíì gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì kankan nínú 800 tàbí 1500. Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn léèrè, wọ́n á ní orí òkè ni àwọn ará Kẹ́ńyà ń gbé, pé ilẹ̀ tiwa lọ sílẹ̀ jù. Òótọ́ ni pé Ìlọrin kò ga tó 400 mítà sókè òkun, òótọ́ sì ni pé afẹ́fẹ́ orí òkè máa ń kọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ibo ni òkè tí Walker gbé? Ní New Zealand yìí kan náà, oníṣẹ́ bàtà kan tó ń jẹ́ Arthur Lydiard ló kọ́ Peter Snell, ẹni tó gba góòlù 800 mítà ní 1960, tó tún gba ti 800 àti 1500 pa pọ̀ ní 1964. Ohun tí Lydiard ń fún wọn ṣe kì í ṣe oògùn: ọgọ́rùn-ún máìlì lọ́sẹ̀ kan. Ẹ gbé e wá sí tiwa, bí ẹni tó sáré láti Ìlọrin dé Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni.

Ohun tó ń ṣe wá, mo rí i níbi íńtà-háòsì. 100 mítà la máa ń sá nígbà tí àwọn àlejò pàtàkì ti jókòó, tí onílù ti dé, tí ìyá oníkọ́mítíì ti pín súyà. 1500 mítà? A ti sá a láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, níwájú olùkọ́ méjì àti ewúrẹ́ kan. Ọmọ tó ní èémí ò ríran rí ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún èémí. Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé 1500 wá sí ọ̀sán, kí ìyá ọmọ náà lè wà níbẹ̀.

Mo tún ní ẹjọ́ kan. Mo ní ọmọbìnrin kan rí, láti ìhà Òmù-Àrán, ẹlẹ́sẹ̀ 800 mítà. Níbi ìdíje kan tí n kò ní dárúkọ, ẹni tó ń lu agogo ìyíká ìkẹyìn lù ú fún eré 1500 nígbà tó ku ìyíká méjì. Ọmọ mi, tó wà níwájú, ná gbogbo ohun tó ní. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ó tún ku ọ̀kan, ó dúró, ó wo mí. Mo ní, "Máa lọ." Ó lọ. Ipò kẹrin. Kò bínú sí alágogo tó bí mo ṣe bínú. Ó ti bímọ méjì báyìí, ó sì ń sáré láàárọ̀ ní ọ̀nà Tańkẹ̀. Bàbá kan bi mí léèrè kí n tó gorí pèpéle pé ṣé eré yìí kò ní ba ara obìnrin jẹ́. Alàgbà, Faith Kipyegon ará Kẹ́ńyà gba góòlù 1500 ní 2016, ó bímọ ní 2018, ó gba góòlù ní Tokyo, ó tún gbà á ní Paris lọ́dún 2024. Ara rẹ̀ le koko.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́.

Nígbà tí a jáde, ọmọkùnrin kan, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ti lékeléke, wá bá mi. Ó ní òun ti ṣírò ó: bí a bá pín eré Bayi, ìyíká kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú àáyá 57 lọ. Ó ní òun lè ṣe ìyẹn. Mo ní kó lọ ṣe é. Pápá wọn kò ju ilẹ̀ pupa lọ, òkúta wẹ́wẹ́ wà ní kọ̀nà kejì, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Mo tẹ aago. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n ń hó. Ó lọ bí ọfà, ó rọ díẹ̀ ní 300 mítà, ó padà dé pẹ̀lú eyín níta. 63.4. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, eruku bò ó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbójú sókè wò mí.

"Sà, mélòó ló kù?"

Mo ní, "Ìyíká méjì, àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin."

Ó wo pápá náà títí. Lẹ́yìn náà ó lọ wá bàtà rẹ̀.